Ìwé Ìtàn Kíkà Kì í Ṣe Ìfàkókò-ṣòfò

Ìbéèrè: Àwọn kan gbà pé ìfàkókò-ṣòfò ni kí ọmọ ilé-ìwé máa ka ìwé ìtàn-àròsọ. Kí ni èrò tìrẹ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìrírí ni òwe yìí ń tọ́ka sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò tí ì pẹ́ láyé tó láti rí ohun tí àgbà ti rí. Ní tèmi, ìwé ìtàn ni ó lè tètè yá ọmọdé ní àkísà àgbà, bí ó bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí náà, n kò fara mọ́ èrò àwọn tí ó pè é ní ìfàkókò-ṣòfò.

Káfíńtà ni bàbá mi ní Òkè-Ògbó, ní Ilé-Ifẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí n mọ̀wé. Lójú rẹ̀, ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé; àlọ́ ni ìyókù. Bí ó bá bá ìwé ìtàn lọ́wọ́ mi, a ní, "Ṣé àlọ́ ni mo ń sanwó ilé-ìwé fún?" Èyí wọ̀ mí létí. Ní 1984, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, a ń ka Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. N kò ra ìwé náà. Ìwé pẹlẹbẹ oníbèéèrè àti ìdáhùn ni mo rà, mo sì há a sórí. Nígbà tí ìdánwò dé, olùkọ́ wa bi wá pé ta ni ó ń sọ ìtàn náà. Mo kọ ọ́ pé Fálétí ni. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà mọ̀ pé àwọn ènìyàn inú ìtàn ni ó ń fi ẹnu ara wọn ròyìn, tí ọ̀kan ń gbà á lẹ́nu èkejì. Òdo ni mo gbà, kíláàsì sì fi mí rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èyí, àwa mẹ́fà dáwó jọ, a ra ìwé náà ní ẹ̀dà kan. Lálaalẹ́ ni a ń kà á sókè ní ìsọ̀ bàbá mi, lórí pákó tí kò tí ì di àga, pẹ̀lú láńtánà kan. Ìgbà náà ni mo tó mọ Àjàyí, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò gbà kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa sìn bí ẹrú. Nígbà tí a parí rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí Ifẹ̀, gbé jáde ní 1938. Bàbá mi a máa kan àga tirẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ní alẹ́ kẹta, kí a tó ṣí ìwé, ó ní, "Àkàrà-Oògùn ńkọ́? Ṣé ó ti jáde nínú igbó náà?" Láti ọjọ́ náà, òun ni ó ń ra kẹrosíìnì sí láńtánà wa.

Àǹfààní àkọ́kọ́ nínú ìwé ìtàn ni èdè. Fágúnwà a máa to òwe àti àfiwé léra títí gbólóhùn yóò fi gùn bí okùn. Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969), Ọládẹ̀jọ Òkédìjí jẹ́ kí Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, máa sọ̀rọ̀ bí ará ìgboro ti ń sọ ọ́. Ẹni tí ó ka méjèèjì kò ní wá ọ̀rọ̀ tì nígbà tí ó bá ń kọ àròkọ.

Àǹfààní kejì ni ọgbọ́n. Nínú Ó Le Kú (1974), Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, hàn wá, bí ó ti ń wá aya láàrin ọmọbìnrin ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí ojú Àjàní rí kọ́ mi lọ́gbọ́n, kò sì ná mi ní omijé kan.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé wọ́n, àti pé àkókò kò sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó wọ́n fún ẹnì kan lè má wọ́n fún ènìyàn mẹ́fà. Lóde òní, ìwé pẹlẹbẹ ti wọ inú fóònù. Àkékúrú ìtàn kò wọ́n mọ́. Àkékúrú kò burú fún àtúnyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó he eegun kò lè sọ bí ọbẹ̀ ti dùn. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968 kí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá lè kà á. Ìtìjú ni bí àwa tí a ni èdè bá ń ka àkékúrú rẹ̀.

Ní ìparí, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti yẹ àròkọ tí n kò lè kà tán wò. N kì í pẹ́ mọ ọmọ tí ó ka odidi ìwé, nítorí èdè rẹ̀ a máa dá yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ẹ mú ìwé ìtàn kan, ẹ kà á tán. Bí ẹni tí kò mọ̀wé bá wà nítòsí, ẹ kà á sókè kí òun náà gbọ́.