Ilé Oníṣègùn Ni Kí A Gbé Ọmọ Tí Ó Mu Igbó Lọ

Ìjọba ológun ni ó ṣe òfin igbó ọdún 1966, tí ó fi ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 sórí ẹni tí ó bá gbìn ín. Ológun náà ni ó ṣe ti 1989 tí a ń lò lónìí: ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 fún ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́.

N kò yin igbó o. Mo ti rí ọmọ tí orí rẹ̀ dàrú. Àwọn oníṣègùn wa a máa fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àgbo. Wọ́n a máa dè é nígbà mìíràn, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ara rẹ̀ lè yá ni.

Ní 2020, Gánà sọ ìjìyà ẹni tí ó ní díẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀ di owó ìtanràn. Kí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gígùn sílẹ̀ fún àwọn tí ń fi í ṣòwò.