Ajílẹ̀ tí Òjò Gbé Lọ

Bí òjò bá wọ́ ajílẹ̀ kúrò lóko, àgbẹ̀ a máa wí pé ó ti ṣègbé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní ibi tí ó lọ, a sì máa tún jáde ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pè é.

Ẹ wo ọ̀sà Peel-Harvey, lẹ́bàá ìlú Mandurah, ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà. Iyanrìn ni ilẹ̀ etí òkun ibẹ̀, kò sì ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó, èyí tí irúgbìn kò lè ṣe aláìní. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ ṣe ń da ajílẹ̀ onífọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí i lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n iyanrìn a máa jò bí agbọ̀n. Kò ní irin tó, bí ilẹ̀ pupa ti ní, tí ì bá fi dì í mú. Òjò ìgbà òtútù gbé e sí odò, odò sì gbé e dé ọ̀sà.

Níbẹ̀ ni ewéko wẹ́wẹ́ inú omi, tí ojú lásán kò lè rí, gbé jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n kú, wọ́n rì sínú ẹrẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá wà nínú ẹrẹ̀, irin tí ó dípẹtà a máa di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n òkú ewéko tí ń jẹrà a máa gba ọ́síjìn náà tán; irin a sì tú ọwọ́, ohun tí ẹrẹ̀ ti kó pamọ́ a sì tún gòkè sínú omi. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí òjò ti dá, tí odò kò gbé nǹkan púpọ̀ wá mọ́, ni omi ọ̀sà náà ń di aláwọ̀ ewé tí ó ní májèlé. Ewé jíjẹrà kún èbúté, àwọn ará etí omi kò sì gbádùn òórùn rẹ̀.

Ní ọdún 1994 ni a ṣí ọ̀nà omi Dawesville, tí a là láti inú ọ̀sà lọ sí òkun, tí ó gùn tó kìlómítà 2.5. Omi òkun wọlé, omi májèlé náà kò sì tún gba ọ̀sà mọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, ìyìn sì tọ́ sí i. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ kò tíì wo òkè odò. Nínú odò Serpentine àti Murray, níbi tí omi òkun kì í ti í fọ̀ dáadáa, ewé náà ṣì ń hù, ẹja a sì máa kú.

Iṣẹ́ tí ó sàn jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ayẹyẹ fún, èyíinì ni yíyẹ erùpẹ̀ oko wò. Nígbà tí a ṣe é, a rí i pé ọ̀pọ̀ pápá ti ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó láti inú ajílẹ̀ àwọn ọdún àtẹ̀yìnwá. Owó àgbẹ̀ ni ó ń lọ bọ́ ewé ọ̀sà. Ì bá ṣe pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ogún ọdún ṣáájú ni, bóyá a kì bá tí la ilẹ̀ rárá.