Orúkọ wa lọ́wọ́ akọ̀wé

Nígbà tí a kọ̀wé sí yín kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni a sọ, àwọn kan sì bínú pé a fi aṣọ ẹbí wọn ṣe yẹ̀yẹ́. A tọrọ gáfárà. Lónìí, a kò ní fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, orúkọ ilé tiwa gan-an sì ni, kí ẹnikẹ́ni má baà ní a tún ti dé.

Àjàyí ni bàbá tí ó bí bàbá wa. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tí a fi ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀: ó dojú bolẹ̀ wáyé ni. Kò sí ẹni tí ó yan orúkọ náà fún un, ó mú un tọ̀run wá. Ní Pọ́bẹ̀ níhìn-ín, ní Sakété, ní Ìláró lódì kejì ààlà, ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wáyé, Àjàyí ni, ẹnu kan náà ni gbogbo wa sì fi ń pè é. Ìgbà tí a mú un dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tí ó ń gbé Sakété, Adjayi ni ó wà nínú ìwé tirẹ̀. Bàbá wa fúnra rẹ̀, tí wọ́n bí ní Pọ́bẹ̀, Adjahi ni wọ́n kọ fún un. Àbúrò wọn tí ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí Ìláró, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún, Ajayi ni. Ọmọ bàbá kan náà! Bí ẹ bá kó ìwé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò ní àjèjì mẹ́ta ló pàdé ara wọn lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní Paris, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ibi tí ilẹ̀ Èkó yóò parí sí àti ibi tí ilẹ̀ Àjàṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà kan ti ń ní ohùn méjì láàárín wa. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, j ń jẹ́ j bí tiwa. Lẹ́nu Faransé, ó rọ̀ bọ̀kọ̀tọ̀ bí ẹni tí ó fi ẹ̀kọ́ gbígbóná sẹ́nu. Bí ẹ bá kọ Ajayi fún olùkọ́ Faransé, ohùn tí yóò fi pè é, bàbá wa àgbà kò ní dáhùn. Ìdí nìyí tí akọ̀wé tiwa fi ń fi d ti j, kí ó má baà ṣubú. Bákan náà ni u. Faransé a máa su ẹnu jọ pè é bí ẹni tí ó fẹ́ súfèé, ni akọ̀wé bá ń kọ ou. Bẹ́ẹ̀ ni Babátúndé fi di Babatoundé, tí Fágbóhùn sì di Fagbohoun, bí ẹ ti ń rí i lára orúkọ Séfou Fagbohoun, olóṣèlú àti oníṣòwò ìhà Adja-Ouèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni Antoine Kolawolé Idji, ọmọ ìhà Kétu, tí ó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Benin láti 2003 sí 2007: bí wọn kò bá fi àmì lé é tí ó kẹ́yìn Kolawolé lórí, Faransé yóò gbé e mì, yóò ku Kolawol.

Ìrìnàjò Ìṣọ̀lá ni ó pa wá lẹ́rìn-ín jù. Níhìn-ín, Ichola ni wọ́n ń kọ ọ́, gbogbo wa sì mọ ẹni tí à ń pè. Ẹ wá mú Ichola yẹn kọjá Ìgòlò, kí ẹ fún akọ̀wé ìhà Nàìjíríà kà: yóò pè é bí ẹni tí ó ń sín. Ishola tàbí Isola ni tiwọn. Ọ̀gbẹ́ni Ìṣọ̀lá kò ṣe ju pé ó kọjá odò lọ kí ìyá rẹ̀.

Àwọn ìlú pàápàá kò bọ́ níbẹ̀. Ṣábẹ̀ di Savè, Kétu di Kétou, Ìta Ìjẹ̀bú ní ìhà Sakété di Ita-Djèbou. Ẹ tún wo Pọ́bẹ̀ wa yìí: p kan ṣoṣo ni wọ́n kọ fún un, Pobè. Ṣùgbọ́n Ìpinlẹ̀ tí kò jìnnà sí wa, wọ́n fún un ní kp, Ikpinlè. Ohùn kan náà sì ni lẹ́nu wa! Bóyá ó ti rẹ ẹni tí ó kọ Pobè lọ́jọ́ náà, tàbí kí yíǹkì rẹ̀ ti fẹ́ tán.

Ìjọba gbìyànjú láti tún un ṣe. Ní 1975 wọ́n ṣe ábídí kan fún gbogbo èdè ilẹ̀ wa, wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008. Nínú rẹ̀, ɛ dúró fún ẹ, ɔ dúró fún ọ, kp dúró fún p, kí èdè Fọn àti èdè Yorùbá lè jùmọ̀ lo lẹ́tà kan náà. Ó dára, ó sì rọrùn láti kà. Ṣùgbọ́n ará Nàìjíríà tí ó bá rí i yóò béèrè ibi tí àmì abẹ́ lẹ́tà sá lọ, nítorí wọ́n ti ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà láti ìgbà ayé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọmọ Àjàyí ni Crowther náà, ẹ má gbàgbé, nínú àwọn ìwé àtijọ́ kan, Adjai ni wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀. Bí Bíṣọ́ọ̀bù tí ó kọ́ ayé ní ìwé Yorùbá bá lè pàdé d níwájú j rẹ̀, kí ni kí àwa ará Pọ́bẹ̀ wí?

Ọdún 1975 kan náà, ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, ni Dahomey di Benin. Odindi orílẹ̀-èdè yí orúkọ padà láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó mú ìwé ìbí wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni wọ́n wá béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà dé kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò BEPC. Ìwé ìbí rẹ̀ kà pé Adjahi, gẹ́gẹ́ bí ti bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá àgbà ní Sakété ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, Adjayi ni ó sì wà nínú gbogbo ìwé ilé-ẹ̀kọ́ láti kékeré. Láyé àtijọ́, olórí àdúgbò kan yóò wá sọ pé, “Mo mọ ọmọ yìí, mo mọ bàbá rẹ̀, mo jẹ ẹran ìkómọ rẹ̀,” ó parí. Ṣùgbọ́n láti 2017 sí 2018, ìjọba ka gbogbo wa sínú ẹ̀rọ, ètò tí wọ́n ń pè ní RAVIP, ẹ̀rọ kò sì jẹ ẹran ìkómọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà kan yàtọ̀, ènìyàn yàtọ̀. Ní ọ́fíìsì kan, wọ́n wo ìwé méjèèjì, wọ́n dá a padà, wọ́n ní ọmọ tí ó ka ìwé kọ́ ni ọmọ tí a bí. Bí a kò bá rí ìwé àtúnṣe gbà nílé ẹjọ́ kí wọ́n tó ti orúkọ àwọn olùdánwò pa, ọdún kan gbáko ni ọmọ náà yóò fi jókòó sílé. Ọmọ tí ó ń ṣe ipò kejì ní kíláàsì rẹ̀! Ìyá rẹ̀ kò lè jẹun. Bàbá rẹ̀ ń bú akọ̀wé tí ó ti kú láti bí ogún ọdún.

Ni àgbà kan bá sọ pé, ẹ ò ṣe wo ìwé ìrìbọmi? Inú wa dùn. Ìwé ìjọ kì í parọ́. A lọ bá Fadá, ó gbọn eruku orí ìwé ńlá náà, ó ṣí i, ó wá a títí. A rí orúkọ bàbá wa, a rí ọjọ́, a rí orúkọ ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́. Ayayi ni wọ́n kọ! Fadá tí ó rì í bọmi nígbà náà ti ilẹ̀ tí j ti ń jẹ́ y wá, òun náà sì kọ lẹ́tà rẹ̀ tọkàntọkàn, ìwé ọwọ́ rẹ̀ rẹwà. Fadá tiwa wò wá, a wo Fadá. Ó pa ìwé dé jẹ́jẹ́. Mẹ́ta ni a gbé wá, mẹ́rin ni a gbé lọ.

Ó di ilé ẹjọ́. Wọ́n ní kí a mú ẹlẹ́rìí wá, àwọn àgbà tí wọ́n mọ ìdílé. Àbúrò bàbá àgbà méjì, obìnrin méjèèjì, ni wọ́n kù láyé nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú ara wọn, wọ́n ró ìró tí wọ́n fi ń lọ sí Mísà ọjọ́ Àjíǹde. Akọ̀wé gba káàdì wọn. Ibẹ̀ ni àṣírí mìíràn ti tú. Ẹ mọ̀ pé ẹni tí wọn kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, “né vers” ni wọ́n ń kọ fún un, ìyẹn ni pé a bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí báyìí. Ìyá Àgbà sọ ní ìgbà tirẹ̀ pé ọdún tí eṣú jẹ oko ni wọ́n bí òun, akọ̀wé ro ó wò, ó kọ 1938. Àbúrò rẹ̀ lọ ní ọjọ́ mìíràn, akọ̀wé mìíràn ni ó bá, ìyẹn wo ìrun orí rẹ̀, ó kọ 1935. Báyìí ni àbúrò fi di ẹ̀gbọ́n. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti fi ìwé náà pamọ́ sínú àpótí, kò sì sí ẹni tí ó kà á fún wọn.

Nígbà tí akọ̀wé pe àbúrò lákọ̀ọ́kọ́ pé kí àgbà ó ṣáájú, Ìyá Àgbà dìde dúró. Ó ní, “Àgbà wo?” Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, “Ṣé ìwọ ni o ń lọ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn lẹ́yìn mi?” Ìyẹn kúnlẹ̀ wọ̀ọ́ nínú ọgbà ilé ẹjọ́, ó ń bẹ̀bẹ̀, pé “Ẹ má bínú, ìyá mi, n kò sọ nǹkankan, orí mi ni wọ́n wò.” Ọlọ́pàá tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rò pé ìjà ni. A ti gbọ́ pé nínú ilé, láti ọjọ́ yẹn, bí àbúrò bá fẹ́ ta Ìyá Àgbà ní àwàdà, yóò mú ẹran tí ó tóbi nínú àwo, yóò ní ìjọba ni ó fún òun.

Wọ́n wọlé tán, adájọ́ fi Faransé béèrè ọ̀rọ̀, ògbufọ̀ tú u fún wọn. Ó ní kí Ìyá Àgbà sọ ní òtítọ́: ta ni Adjayi, ta sì ni Adjahi? Ìyá Àgbà dákẹ́. Ògbufọ̀ tún un pè, ó fà á gùn: Àjàyí ńkọ́, Àjàyí ńkọ́? Ìyá Àgbà wá yíjú sí wa, ó rọra wí pé, “Ẹ gba ọmọ yìí o, orúkọ kan náà ni ó ń pè lẹ́ẹ̀mejì, àfi bí ẹni pé nǹkan ń ṣe é.”

Ògbufọ̀ kò mọ bí yóò ṣe tú ìyẹn. Ṣùgbọ́n adájọ́ ti rí ojú gbogbo wa, ó béèrè ohun tí màmá sọ, ó fi dandan lé e kí a sọ ọ́ fún òun bí ó ti rí. Wọ́n sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Àwa rò pé gbólóhùn yẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo ìwé tí a kó lọ. Orúkọ kan ṣoṣo ni lẹ́nu àwọn tí ó ni ín.

Wọ́n ní Adjayi ni kí a mú, nítorí òun ni ó wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ láti kékeré. Ọmọ náà rọra sọ sí wa létí pé bí ó bá ṣeé ṣe, Ajayi ni òun fẹ́, láìsí d, ó dára lójú jù, bí ti àwọn ọmọ Èkó. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa wo fóònù àwọn ọmọ yín. Láti ìgbà tí orin Nàìjíríà ti gba ìgboro Pọ́bẹ̀, àwọn ọmọ tí a kọ Oloufèmi fún ti ń kọ Olufemi, Toundé ti di Tunde. A ní kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ títí a ó fi jáde kúrò lọ́dọ̀ adájọ́.

Ìwé àtúnṣe jáde ní ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Ọmọ ṣe ìdánwò, ó yege. A pa adìẹ, a ta àgbàdo tí a fẹ́ tọ́jú, a san gbèsè ọkọ̀ Sakété tí a wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀. Ti àbúrò bàbá wa tí ó wà ní Ìláró kò tíì yanjú, nítorí oko pálómì kan wà tí gbogbo wọn jùmọ̀ ni, ìwé oko náà sì ń pè é ní Adjayi, káàdì rẹ̀ ń pè é ní Ajayi. Ìyá Àgbà ti ní bí wọ́n bá tún fẹ́ gbọ́ ẹnu òun, kí wọ́n kọ́kọ́ tún ọjọ́ orí òun ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìwé ẹ̀rí BEPC ọmọ náà dé. A kó jọ, a gbé e sábẹ́ iná, a kà á. Adjayi, ó pé, d wà níbẹ̀, y wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kejì ni Oloufounmi. Wọ́n gbàgbé n, Oloufoumi ni wọ́n kọ.

Bàbá rẹ̀ ká ìwé náà, ó fi sínú àpótí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Ìyá Àgbà.