Ta ló ráyè nínú ilé?

 

Ọ̀rọ̀ kan tún ti ń kiri lórí fóònù. Ó ṣeé ṣe kí ó ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọlidé ti dé, tí òjò kò sì jẹ́ ká jáde bó ṣe yẹ, kí obìnrin lo àyè tó rí nílé dáadáa. Kó jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Kó ka ìwé kan lọ́sẹ̀. Kó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tuntun. Kó máa sáré ìdárayá. Ẹni tó bá lóun ò ráyè, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n fi kún fóònù wa nígbà Kòrónà.

Èmi ò fara mọ́ ọn, mi ò sì ní fi epo bọyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí 2020 yẹn. Ní ìparí oṣù kẹta, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ilé ìwé pa, wọ́n ní kí ọjà tí kì í ṣe ti oúnjẹ dúró, wọ́n sì kéde kónílé-ó-gbélé láti aago méje alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 29 oṣù náà. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, Gómìnà Ṣèyí Mákindé fúnra rẹ̀ kéde pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé òun ní àrùn náà. Gbogbo èèyàn wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Bódìjà àti ní Èkó ń sọ pé àwọn ráyè sinmi níkẹyìn. Ní Mọ́níyà ńkọ́? Ní Lálùpọn, ní Ẹ̀rúnmu, ní Àkànràn ńkọ́? Ọmọ mẹ́rin tó yẹ kó wà nílé ìwé dọ̀sán wà nílé, wọ́n á jẹ tàárọ̀, wọ́n á jẹ tọ̀sán, wọ́n á jẹ talẹ́. Bàálé ilé tó máa ń wa ọ̀kadà lọ láti òwúrọ̀ wà nílé, òun náà ń béèrè oúnjẹ. Omi tó ń tó ilé lò tẹ́lẹ̀ kò tó mọ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti wú kò sì mọ̀ pé Kòrónà dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan gàrí mọ̀ pé bí ẹ̀gẹ́ bá ti kúrò nínú ilẹ̀, tí ọjọ́ méjì mẹ́ta bá kọjá, dúdú ló ń dú yẹn. Kí a bó o, kí a fọ̀ ọ́, kí a rù ú lọ síbi ẹ̀rọ, kí a fún un, kí a jọ̀ ọ́, kí a tó wá jókòó ti àgbadà nínú èéfín.

Ta wá ni àyè ṣí sílẹ̀ fún nínú ilé yẹn? Àwọn tó jókòó ni. Ìyá ilé ò jókòó. Kónílé-ó-gbélé kò dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, gbogbo ẹnu tó ń jẹun ló kó jọ síwájú ìkòkò rẹ̀. Bí ọlidé ọdọọdún náà ṣe ń rí nìyí, àfi pé kò sí sójà lójú ọ̀nà.

Ẹ má sì fojú kékeré wo ohun tí wákàtí púpọ̀ nídìí ààrò ń fi ara ṣe. Ní Ìbàdàn wa níbí, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago tẹ̀lé aláboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní sítóòfù tó ń lo ẹtanọ́ọ̀lù, tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n ní kí àwọn yòókù máa lo èyí tí wọ́n ń lò. Bí oyún ṣe ń dàgbà, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú ìfúnpá àwọn tó gba sítóòfù náà kéré sí ti àwọn yòókù. Ní 2017 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Ìyẹn ni pé èéfín tí ẹ rò pé ojú nìkan ló ń ta, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ. Obìnrin tó wà nídìí èéfín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ wá ní kó jí ní aago mẹ́rin lọ ka ìwé!

Wọ́n á ní wákàtí 24 ni Ọlọ́run fún olówó àti tálákà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọn omi fún ara rẹ̀ nìkan àti ẹni tó ń pọn omi fún ẹni mẹ́jọ, wákàtí wọn kò gùn bákan náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá wa, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Bí ìwà tuntun kan bá máa bẹ̀rẹ̀ nínú ilé lákòókò yìí, ti ìyá kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ọmọkùnrin ọdún 15 dùbúlẹ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù, ìyá rẹ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ru bẹ́sìnnì omi wọlé, kò sì sí ẹni tó bá a wí. Ohùn ìyá lè má ká a. Tiyín á ká a. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ pàṣẹ pé kí àwọn ọmọkùnrin ti pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù kí wọ́n tó fọwọ́ kan fóònù. Ẹni tó bá jẹun, kó fọ abọ́ rẹ̀. Bàbá tó ń gbọ́ rédíò lábẹ́ igi náà lè fa apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ mọ́ra kó máa bó o, rédíò kò ní bínú. Mi ò bá ayò jà o, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ìjókòó láti àárọ̀ dalẹ́ kò dára fún ẹ̀jẹ̀ àti oríkèé ara bàbá fúnra rẹ̀, ká tiẹ̀ má sọ ti ìyá.

Bí ìyá bá wá rí wákàtí kan gbà lóòjọ́, kí ni kó fi ṣe? Oorun ni, kó tó kan ohunkóhun. Ẹni tó sùn ní aago mọ́kànlá alẹ́ tó tún jí ní mẹ́rin, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń wá kiri. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ẹnì kan la tó mọ̀ pé ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Àwọn kan ní ẹni tó ń ro oko kì í ní in. Irọ́ ni. Àgbẹ̀ ń ní in, oníṣòwò ń ní in, aláboyún ń ní in.

Ẹ̀kọ́ tuntun tí mo fara mọ́ wà, kò sì gba kí a ra ìwé kankan. Kí ìyá kọ́ láti ka nọ́ńbà méjì tí ẹ̀rọ ìfúnpá ń gbé jáde. Bí tòkè bá tó 140, tàbí tìsàlẹ̀ bá tó 90, tí ó sì tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn tí a wọ̀n ọ́n, kó lọ sí ibùdó ìlera. Ẹni tí wọ́n bá fún lóògùn, kó má tìtorí pé ara yá kó dá a dúró. Ẹni tó lè ka owó gàrí lè ka 140. Ọmọ ọlidé tó wà nílé yẹn, tó ń sọ pé ilé sú òun, òun ni tíṣà: kó jókòó ti ìyá àgbà, kó kọ́ ọ láti mọ ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ lára páálí rẹ̀, kó fi nọ́ńbà NAFDAC hàn án. Iṣẹ́ ọlidé nìyẹn.

Ti ìrìn ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko tó sì ń rìn padà ti ṣe tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó tún lọ máa sáré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Àmọ́ ẹ má dá rìn ní ìdájí bí ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn ṣe wí. Ẹni tó kọ ọ́ kò rántí Akínyẹlé. Ní oṣù kẹfà 2020, wọ́n pa obìnrin léraléra ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, inú ilé wọn ni wọ́n ká àwọn mìíràn mọ́. Ẹ rìn ní mẹ́ta mẹ́rin, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ kedere.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún gbogbo “ìwà tuntun” tí fóònù bá gbé wá. Ní oṣù kẹjọ 2014, nígbà Ebola, ọ̀rọ̀ orí fóònù ló ní kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ó kéré tán, èèyàn méjì kú ní Nàìjíríà látàrí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Tèmi yìí náà, ẹ gbé e fún nọ́ọ̀sì àdúgbò yín kó kà á kí ẹ tó tẹ̀ lé e.

Ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká dá nǹkan díẹ̀ sínú àpò ẹgbẹ́, ká fi ra ẹ̀rọ ìfúnpá kan, kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n lò máa wọn gbogbo wa lóṣooṣù, títí kan àwọn bàbá. Kí akọ̀wé sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan, kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé: ta ló pọn omi ilé yín láàárọ̀ yìí? Kí ẹ gbé ìwé náà lọ fún baálẹ̀.