Lẹ́tà sí Gómìnà Sanwó-Olú: Ta Ni Yóò Dúró Lẹ́yìn Tí Ìrẹsì Bá Tán?

Gómìnà wa, Ọ̀gbẹ́ni Babájídé Sanwó-Olú,

Agége ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ìtòsí yín ní Aláúsá níbẹ̀.

Àjálù kò ṣàjèjì sí agbègbè wa. Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìíní 2002, ni àwọn bọ́ǹbù tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè sójà Ìkẹjà bú gbàù. Àwọn èèyàn ń sá nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ wọn sì kó sínú kánààlì Òkè-Àfà. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún. Lọ́jọ́ kejì Kérésì 2006, iná páìpù epo jó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn pa ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2012, ọjọ́ Àìkú náà ni, bàálù iléeṣẹ́ Dana já lu ilé ní Ìjú-Ìṣàgà: gbogbo èèyàn 153 inú rẹ̀ kú, èèyàn mẹ́fà sì kú nílẹ̀.

N kò wá bú LASEMA, àjọ tó ń bójú tó pàjáwìrì ní Èkó. Ẹni tó bá pe 112 tàbí 767, wọ́n á wá, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gbà fún wọn. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá lọ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì á gbé aṣọ wá, mọ́ṣáláṣí á gbé páálí Indomie wá, olóṣèlú á gbé ìrẹsì wá (fọ́tò rẹ̀ kì í wọ́n lára àpò). Oṣù kẹta ńkọ́?

Ẹ wo ìyàwó ilé tí ọkọ rẹ̀ bá irú iná bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ọkọ wà ní báǹkì, báǹkì ní kó mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, kó sì gba ìwé àṣẹ ogún ní kóòtù gíga. Rísíìtì owó ilé ti jóná, onílé ní òun kò mọ ẹni tó san kí ni. Owó ọkọ̀ tó fi ń lọ tó fi ń bọ̀ á gbé owó ọjà rẹ̀ mì, ọmọ á sì jókòó sílé. Kò sí ẹni tó ń bá a rìn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí LASEMA àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa yan èèyàn láti inú ìjọ àti mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n sì kọ́ wọn níṣẹ́ yìí: bí a ṣe ń kọ orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ayálégbé pẹ̀lú onílé, bí a ṣe ń sin èèyàn lọ sí kóòtù àti báǹkì, bí a ṣe ń mọ̀ pé ìbànújẹ́ ẹnì kan ti kọjá àdúrà nìkan, ó ti di ọ̀rọ̀ dókítà ilé ìwòsàn LASUTH.

Kí ló dé tí mo fi ní kó jẹ́ láti ilé ìsìn? Òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n á gbé e lọ síbòmíràn. Ìyá Ìjọ àti àwọn ìyá Àṣàlátù kò ní ibì kan tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì ti mọ ilé tí iná kò dá lábẹ́ ìkòkò. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ṣíwájú àwọn ẹgbẹ́ tó yan ẹni tí yóò máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan títí ara á fi rọ̀ wọ́n.

Ẹnìkan á ní àwọn àlùfáà á kó owó jẹ. Ẹ má fún wọn lówó, nígbà náà! Kí owó ìrànwọ́ wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ àti owó ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ fi lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá sì ní kí èèyàn yí ẹ̀sìn padà kó tó jẹun, kí ẹ lé e dànù lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí owó kò bá tó, ẹ fi Agége nìkan bẹ̀rẹ̀: ogún èèyàn, mẹ́wàá láti ṣọ́ọ̀ṣì, mẹ́wàá láti mọ́ṣáláṣí. Ẹ má jẹ́ kí àjálù mìíràn ṣáájú ẹ̀kọ́ náà dé. À ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Agége kan