Phoenix: Owó Oṣù Tí Wọ́n Fagbára Mú

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kéèyàn máa falẹ̀ ni òwe yìí ń wí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná lè yára, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan etí rẹ̀ wò. Ẹ̀sọ̀ nìyẹn, òun ló sì sọnù nínú Phoenix, ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ Kánádà ṣe láti máa san owó oṣù.

Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti tó ogójì ọdún, wọ́n sì fẹ́ kí tuntun dín ìnáwó kù ní nǹkan bí mílíọ̀nù 70 dọ́là lọ́dọọdún. Mílíọ̀nù 155 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ní 2012, IBM tó gba iṣẹ́ náà sọ pé mílíọ̀nù 274 ni yóò gbà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kò padà lọ béèrè owó. Wọ́n gé iṣẹ́ kó lè bá owó mu. Nínú ohun 984 tó yẹ kí ẹ̀rọ náà máa ṣe, wọ́n yọ ohun tó lé ní 100. Bí òṣìṣẹ́ bá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dúró sípò ọ̀gá rẹ̀, Phoenix kò lè fúnra rẹ̀ ṣírò àfikún tó tọ́ sí i fún ọjọ́ tó ti kọjá. Ìdánwò tí wọn ì bá kọ́kọ́ fi ilé iṣẹ́ ìjọba kan ṣe, wọ́n wọ́gi lé e.

Ti àwọn èèyàn ló dùn mí jù. Akọ̀wé owó oṣù bí 1,200 ló wà ní ilé iṣẹ́ 46 tẹ́lẹ̀. Bí 550 ni wọ́n fi rọ́pò wọn ní Miramichi, ní New Brunswick, kí Phoenix tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2016. Òjò ṣú, wọ́n da omi ìkòkò nù.

Ẹnìkan lè ní owó ìlú kì í ṣe ohun à ń ná kiri, pé iye tí a fún ni là ń ná. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ni níṣẹ́ ló yẹ kó gbọ́ pé owó kò tó, kó pinnu bóyá yóò fi kún un tàbí yóò dúró. Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ ńlá kò lè ṣàì ní àṣìṣe. Ìdí tí a fi ń dán an wò nìyẹn, kí àṣìṣe lè ká wa mọ́ ibi tí èèyàn ò pọ̀ sí.

Ní oṣù kẹfà 2017, òṣìṣẹ́ tó lé ní 150,000 ló ń dúró de àtúnṣe owó wọn, àṣìṣe náà sì ti lé ní mílíọ̀nù 520 dọ́là. Ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba akọ̀wé owó oṣù síṣẹ́.