Ọkọ̀ Tí A Fi Sílẹ̀ Ní Àgbàlá Lásìkò Òjò

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni a mú wá sí ojú ewé yìí lónìí. Kì í ṣe ọkọ̀ tí ń rìn, bí kò ṣe èyí tí ó dúró.

Gbogbo wa ni a mọ bí ó ti máa ń rí ní Àjàṣẹ́ wa níbí. Bí ọdún Kérésìmesì bá ku díẹ̀, àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun á dé. Ẹlòmíràn á ra ọkọ̀ ní Kútọnu, á fi kí ẹbí, á fi kí ará. Bí oṣù Kìíní bá ti ń parí lọ, á padà sí ẹnu iṣẹ́, ọkọ̀ á sì dúró sí àgbàlá bàbá rẹ̀ di ọdún mìíràn. Òjò ńlá ti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje á pa á, òjò kékeré ti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá á tún pa á. Bí ọlọ́kọ̀ bá dé, ọkọ̀ kò ní lè gbéra mọ́. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀: ọmọ á ní wọn kò tọ́jú ọkọ̀ òun, bàbá á ní kò sí ẹni tí ó sọ fún òun bí a ti ń tọ́jú rẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà mọ ìṣòro yìí. Ní ìlú wọn, ẹni tí ó ní ọkọ̀ olówó ńlá tí a ṣe fún eré sísá kì í sábà gbé e jáde nígbà òtútù, nítorí iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin. Wọ́n á fọ ọkọ̀ náà, wọ́n á fi sí abẹ́ òrùlé títí ooru yóò fi padà. Àwa kò ní yìnyín, ṣùgbọ́n a ní òjò, a ní ọ̀sà, òkun kò sì jìnnà sí wa. Láti ìgbà tí a ti la ọ̀nà omi Kútọnu ní ọdún 1885 ni omi òkun ti ń rí àyè wọ inú ọ̀sà. Irin tí ó bá dúró sínú ọ̀rinrin báyìí láìní ìtọ́jú yóò dípẹtà.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà?

Èkínní, kí a fọ ọkọ̀ náà tinú tòde kí a tó fi sílẹ̀, kí a má sì gbàgbé abẹ́ rẹ̀. Ẹrẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ a máa mu omi pamọ́, ibẹ̀ ni irin ti ń kọ́kọ́ jẹ. Kí a jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Kí a gbọn gbogbo èérún búrẹ́dì àti bisikíìtì kúrò nínú rẹ̀, nítorí òun ni ó ń pe eku, bí eku bá sì ti wọlé, wáyà ni yóò fi ṣe oúnjẹ.

Èkejì, kí a wo ibi tí a ó gbé e sí. Abẹ́ igi máńgòrò tàbí igi àgbọn kò dára: èso á já lù ú, ewé á dí ojú ibi tí omi ń gbà ṣàn lọ. Orí koríko kò dára, ọ̀nà àgbàrá kò dára. Ilẹ̀ gíga tí a da sìmẹ́ńtì sí, tí òrùlé sì wà lórí rẹ̀, ni ó dára jù. Àwọn kan a máa fi tapólì tàbí ọ̀rá wé ọkọ̀ pinpin. Bí ẹni wé ẹ̀kọ gbígbóná sínú ewé ni: á làágùn nínú ara rẹ̀. Aṣọ òwú tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni kí a fi bò ó.

Ẹ̀kẹta ni ti epo. Kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ tó dúró, nítorí ọ́ìlì àlòkù ní ohun tí ń jẹ irin nínú. Kí a ra ẹ́sáǹsì ní ilé epo, kí a sì rọ ọ́ kún, nítorí táǹkì tí kò kún a máa gba ọ̀rinrin sínú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra kpayo sínú jálá kí ó gbé e pamọ́ sínú ilé de ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná ṣẹ́ yọ ní ibi ìkó-kpayo-sí kan ní Sèmè-Kraké, ó sì ju ènìyàn 30 lọ tí ó bá a lọ.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹni tí ó ní ìwé ìwakọ̀ bá wà nílé, ohun tí ó dára jù ni kí ó máa gbé ọkọ̀ náà jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó wà á fún bí ìṣẹ́jú 30. Bátìrì á gba agbára, táyà kò ní dúró lé ojú kan ṣoṣo, bíréèkì kò ní lẹ̀, epo tuntun á sì máa rọ́pò ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n kí a tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 5 kí a sì pa á kò ṣe é ní oore kan, omi ni ó ń kó sínú ẹ́ńjìnnì àti páìpù èéfín. Bí a bá sì ń tan án, kí ó jẹ́ ní gbangba. Èéfín ọkọ̀ nínú gàráàjì tí a tì ń pa ènìyàn láìní òórùn tí a fi lè mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí ti jẹnẹrétọ̀ inú ilé.

Bí kò bá sí awakọ̀ nílé, kí mẹkáníìkì tú wáyà bátìrì kúrò. Kí a fún táyà ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ lé ti àtẹ̀yìnwá. Kí a má fa bíréèkì ọwọ́, nítorí nínú ọ̀rinrin ó lè lẹ̀ pa. Kí a fi ọkọ̀ sí jíà, kí a sì fi igi há ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí a má ṣe gbé ọkọ̀ lé búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì, nítorí búlọ́ọ̀kù a máa fọ́ lójijì, kò sì ní béèrè ẹni tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀.

Gbogbo èyí, ohun ìní ni a fi ń dá sí. Èyí tí ó kù ju ohun ìní lọ. Ọkọ̀ tí kì í rìn, ilé ìṣeré ni lójú ọmọdé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ní agbègbè Bàdágìrì, lẹ́yìn ibodè wa níbẹ̀ yẹn, òkú ọmọ 8 ni a bá nínú ọkọ̀ kan tí ó dúró. Nínú oòrùn wa, ìṣẹ́jú 10 péré tó kí inú ọkọ̀ tí a tì gbóná ju ìta lọ jìnnà, ara ọmọdé kò sì lè fara da irú ooru bẹ́ẹ̀ bí ti àgbà. Nítorí náà, kí a ti gbogbo ilẹ̀kùn àti búùtù ní kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ wà lórí tábìlì tàbí lára ìṣó ìsàlẹ̀. Bí a bá sì ń wá ọmọ tí a kò rí, inú ọkọ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń padà lọ, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bàbá yín kò ní sọ pé òun kò fẹ́ kí ọkọ̀ yín dúró sí àgbàlá òun. Ìtìjú kò ní jẹ́ kí ó sọ ọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ jókòó tì í. Ẹ sọ ẹni tí yóò mú kọ́kọ́rọ́ dání, ẹ sọ ẹni tí ó lè wà á àti ẹni tí kò gbọdọ̀ wà á, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ wo ìgbà tí asíráńsì àti àyẹ̀wò ọkọ̀ ti CNSR yóò parí. Ẹ fi owó mẹkáníìkì àti ti epo sílẹ̀, nítorí ẹni tí a fi ẹrù lé lọ́wọ́ kò yẹ kí ó tún fi owó ara rẹ̀ gbé e. Bí ẹ bá sì dé ní ọdún tí ń bọ̀, kí ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo bíréèkì, táyà àti ọ́ìlì kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà sí ojú títì.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ ti ń dúró ní àgbàlá yín báyìí, ẹ má dúró de ọdún tí ń bọ̀. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ lọ fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ rí i pé wọ́n tì.